Ilé Ehoro Tí Ìyá Mi Kàn ní Satwa

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá mi wá láti Abẹ́òkúta láti tọ́jú wa ní Dubai. Ilé ilẹ̀ àtijọ́ kan là ń gbé ní Satwa nígbà náà, ọ̀kan nínú àwọn ilé tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn ilé gogoro tó yí wọn ká. Ó ní àgbàlá oníkọnkéré, igi dóńgóyárò kan sì dúró ní kọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi gba yàrá kan, tọkọtaya ará Philippines kan gba èkejì, a sì jọ ń lo ilé ìdáná. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ sìkiọ́rítì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Muraqqabat. Èmi ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ṣùgbọ́n ìsinmi ìbímọ mi kò tíì parí.

Àwọn ọjọ́ yẹn kò rọrùn fún mi. Ọmọ ń ké, ọmú ń dùn mí, ara mi wúwo bí ẹni pé wọ́n da omi sí i. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ló ṣe mí, mi ò mọ ohun tí màá sọ. Mo kàn máa ń fẹ́ kí n dojú kọ ògiri kí n sùn.

Ìyá mi ní tiwọn kì í ṣe ẹni tí í jókòó tẹtẹrẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n dé tí wọ́n ti fọ gbogbo ohun tó ṣeé fọ̀ nínú yàrá wa, tí wọ́n sì ti ń gbá àgbàlá débi pé ìyàwó ará Philippines yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bàtà kó tó gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọmọ bá ti yó tó sì sùn, wọ́n á jáde lọ dúró lábẹ́ igi, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á máa wò káàkiri bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò ṣe.

"Ẹ wá jókòó, Màámi," ni mo máa ń sọ.

"Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó débí. Ìjókòó yẹn tó mi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó ará Philippines yẹn kan ilẹ̀kùn wa. Kọ́ńtíráàtì òun àti ọkọ rẹ̀ ti parí, wọ́n ń múra àtipadà sílùú wọn. Ó gbé àgò kékeré kan dání, irú èyí tí wọ́n fi ń sin ẹyẹ, ehoro aláwọ̀ eérú kan sì ká jọ sínú rẹ̀. Méjì ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan ti wá mú akọ lọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gba abo.

"Mama," ó sọ fún ìyá mi ní Gẹ̀ẹ́sì, "kò ṣòro láti tọ́jú. Ewé ló ń jẹ. Kì í pariwo."

Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi kọ̀ ọ́ láì ṣẹ̀ ẹ́. Yàrá kan ṣoṣo la ní, ọmọ tuntun sì wà nínú rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti na ọwọ́ gba àgò náà.

Mo yí ọ̀rọ̀ sí Yorùbá. "Màámi, níbo la fẹ́ gbé e sí?"

"Ìwọ ṣáà bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ń relé, a kì í tún fi ẹrù kún ẹrù rẹ̀."

Báyìí la ṣe di ẹni tó ní ehoro. Àwọn ará Philippines náà lọ, yàrá wọn sì wà lófìfo. Ìyá mi gbé àgò náà sábẹ́ igi, wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wò ó. Ehoro náà kò lè nàró. Bó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró bí àwọn ehoro ṣe máa ń ṣe, etí rẹ̀ á tẹ̀ mọ́ òrùlé àgò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ waya lásán. Ìyá mi gbé e jáde, wọ́n dojú rẹ̀ sókè lórí ìró wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ hàn mí. Irun ibẹ̀ ti jẹ tán, awọ ara ti pọ́n.

"Bí wọ́n bá ní kí ìwọ dúró lórí waya látàárọ̀ dalẹ́," ni wọ́n bi mí, "báwo ni ẹsẹ̀ rẹ ṣe máa rí?"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pọn ọmọ, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọ̀sìn. Àwọn ilé ehoro tó dára wà níbẹ̀, wọ́n kùn wọ́n ní búlúù àti funfun, wọ́n ní fèrèsé bí ilé ènìyàn. Mo wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀kan, mo yíjú kúrò. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò wo iye. Wọ́n kúnlẹ̀ tọmọtọmọ lẹ́yìn, wọ́n ti orí bọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ìka kan ìdí ìṣó, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i. Wọ́n wá na àtàǹpàkò àti ìka àárín, wọ́n ń fi wọ́n wọn òró àti ìbú rẹ̀. Ọmọkùnrin ará India tó ń tajà níbẹ̀ sáré wá, ó rò pé nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Madam, ṣé kò sí nǹkan?"

"No wahala," ni ìyá mi dá a lóhùn láti abẹ́ ilé ehoro.

Nígbà tí a dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n ní, "Mo ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

"Bí wọ́n ṣe kàn án. Àpótí ni. Ẹsẹ̀ mẹ́rin kó má fara kan ilẹ̀, òrùlé tó dà sẹ́yìn. Ìdajì ìsàlẹ̀ á jẹ́ pákó kó lè sinmi, ìdajì á jẹ́ waya kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́. A máa kàn án."

"Ta ló máa kàn án? Bàbá ọmọ ò mọ iṣẹ́ káfíńtà."

"Ṣé mo dárúkọ bàbá ọmọ ni?"

Mo wo ọwọ́ wọn. Ìwé àti bírò ni ìyá mi ń tà níwájú ilé ìwé kan láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bàbá mi ni káfíńtà. Bí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́ nírọ̀lẹ́, ìyá mi á yà sí ìsọ̀ bàbá mi, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n ń di orí pákó mú kó má baà mì nígbà tí bàbá mi bá ń rẹ́ ẹ. Mi ò rí ayùn lọ́wọ́ wọn rí. Bàbá mi sì ti kú.

"Màámi, ẹ ò kan nǹkan rí," ni mo sọ jẹ́jẹ́.

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí mo dúró sí, kò sí ohun tí mi ò rí."

Ẹ̀yìn bàkálà tó wà ní ìkòríta títì wa, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù kékeré tí a ti ń ra búrẹ́dì àti mílíìkì, ni wọ́n máa ń kó páléètì sí, àwọn pákó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Mo bá oníṣọ́ọ̀bù sọ ọ́. Ó ní, "Khalas, ó ti parí, ẹ máa kó o. Ẹ bá mi dín ìdọ̀tí kù." Ọkọ mi ló gbé wọn wálé nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, pẹ̀lú aṣọ sìkiọ́rítì lọ́rùn, pákó lórí èjìká. Àwọn tó wà níta ń wò ó. Kò bi ìyá mi ní ìbéèrè kankan. Ó kàn ní, "Mà, ibo ni kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí?" Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá mi kò lo gbogbo wọn. Wọ́n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e sí imú. Èyí tó ń rùn bí epo tàbí oògùn, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ehoro a máa jẹ igi," ni wọ́n ṣàlàyé fún wa. "Ohun tí mi ò lè fi sẹ́nu, mi ò ní fi kọ́lé fún un."

Wọ́n wá já àwọn pákó náà sọ́tọ̀, wọ́n sì ń yọ ìṣó inú wọn. Ariwo yẹn ló gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jáde láti sọ pé ọmọ ń sùn. Wọn kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n gbé òkúta kan síwájú mi, wọ́n fún mi ní òòlù kékeré tí wọ́n yá ní bàkálà, wọ́n da àwọn ìṣó wíwọ́ sílẹ̀ níwájú mi.

"Bá mi tọ́ ọ."

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ìṣó. Èèyàn á fi ìka yí i títí ibi tó wọ́ á fi kọjú sókè, á wá lù ú jẹ́jẹ́, á tún yí i. Mi ò mọ ìgbà tí oòrùn fi kúrò lórí ògiri. Nígbà tí ọmọ jí tó ké, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ara mi kò wá sí mi lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti jókòó. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, ìyá mi máa ń rí iṣẹ́ kékeré kan fi sílẹ̀ dè mí lábẹ́ igi yẹn.

Ayùn ni kò sí. Lẹ́yìn ilé wa, ọkùnrin ará Pakistan kan wà tó ń tún àga onítìmùtìmù ṣe, èèyàn jẹ́jẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. A lọ bá a. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ pé kó yá wa ní ayùn. Ó wo ìyá mi, ó wo ayùn, ó mi orí. Ó fi ọwọ́ kan ṣe bí ẹni ń gé ìka ọwọ́ kejì, ká lè mọ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà.

Ìyá mi kò bá a jiyàn. Wọ́n gbé pákó kan lé orí tábìlì rẹ̀, wọ́n bọ́ sí òdìkejì, wọ́n di orí rẹ̀ mú, wọ́n sì fi àgbọ̀n júwe fún un pé kó gé e níbi tí wọ́n fi èédú fa ìlà sí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó mú ayùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́. Mo ń wo ìyá mi. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n tẹ igbá àyà sórí pákó. Bí ayùn ti ń bọ̀ ni wọ́n ń dẹ ọwọ́, bó ti ń lọ ni wọ́n ń mú un le. Pákó náà kò mì. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó gé, wọ́n gbé e sókè fẹ́ẹ́rẹ́, kó má baà ya. Ọkùnrin náà dúró. Ó mọ ohun tó rí. Ó gbé pákó kejì, ó rẹ́ ẹ dé ìdajì, ó wá yí èkù ayùn sí ìyá mi.

"Yalla, Mama," ló wí, ìyẹn ni pé ó yá.

Ìyá mi gba ayùn. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn nìyẹn. Ó wọ́. Ó wọ́ débi pé ọkùnrin náà ní láti mú pẹ́ńsù kó tún ìlà mìíràn fà. Wọ́n rẹ́ òmíràn, èyí sàn díẹ̀. Nígbà tí a fi máa padà sílé, òógùn ti bo ojú wọn, ọwọ́ wọn ti léròrò, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu wọn.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Urdu ni ọkùnrin náà ń sọ, Yorùbá ni ìyá mi ń sọ, kò sì sẹ́ni tó dẹ ohùn fún ẹnì kejì. Ó máa ń nawọ́ sí pákó, á ní, "Lakdi." Ìyá mi á ní, "Igi." Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí ìyá mi ní kó fún àwọn ní lakdi tó gùn, ọkùnrin náà sì dáhùn pé igi ti tán.

Ilé ehoro náà dìde díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọ́kọ́ dọ́gba, ìyá mi sì gbé e sórí kọnkéré, wọ́n ń mì í, wọ́n ń fi èédú sàmì sí ẹsẹ̀ tó gùn jù, wọ́n ń gé e. Fún ìsopọ̀ ilẹ̀kùn, ọkùnrin ará Pakistan náà gé awọ tó ṣẹ́ kù lára àga fún wọn, ìyá mi sì fi ìṣó kan ìdajì rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ìdajì mọ́ òpó, níta tí ehín ehoro kò lè dé. Ó ń ṣí, ó ń dé, kò dún rárá. Fún ojú rẹ̀, wọ́n lo nẹ́ẹ̀tì adìyẹ tí ẹnì kan kó dànù. A gbé ehoro sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó sáré yípo, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, etí rẹ̀ nà gbọọrọ, kò kan nǹkan. Ọkọ mi pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó di àárọ̀, ihò wà lára nẹ́ẹ̀tì, ehoro kò sí níbẹ̀.

Ìyá mi ti jáde sí títì kí n tó wọ bàtà. Mo gbé ọmọ lé apá, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó ń gbálẹ̀ nawọ́ sí ọ̀nà ìsọ̀ àwọn télọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ gbogbo ti dúró. Àwọn télọ̀, àgbà ọkùnrin gbogbo, ti kúnlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń yọjú wo abẹ́ tábìlì, tépù lọ́rùn wọn. Ehoro ti wọnú òkìtì àjákù aṣọ tó wà ní kọ̀rọ̀. Ìyá mi fi ìka sí ẹnu pé kí gbogbo wọn dákẹ́, àwọn télọ̀ sì dákẹ́. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá òkìtì náà, wọ́n yọ ewé kárọ́ọ̀tì kan nínú àpò, wọ́n gbé e dání, wọn ò mira. Nígbà tó yá, imú kan yọ láàrin àwọn àjákù sílíkì, ó ń gbọ̀n. Ìyá mi kò mú un. Wọ́n jẹ́ kó jẹun tán, wọ́n jẹ́ kó gun itan wọn fúnra rẹ̀. Ọ̀gá àwọn télọ̀ ní òun ti ránṣọ ní Satwa láti ìgbà èwe òun, kò sí oníbàárà tí òun tíì kúnlẹ̀ fún bẹ́ẹ̀ rí.

Lójú ọ̀nà, mo rò pé inú ìyá mi á bàjẹ́. Rárá o.

"Ó ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́," ni wọ́n wí, ehoro nínú ìborùn wọn. "Nẹ́ẹ̀tì adìyẹ, adìyẹ ni wọ́n ṣe é fún. Adìyẹ ò léhín."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n tú gbogbo ojú ilé náà palẹ̀. A ra nẹ́ẹ̀tì onírin tó nípọn, tí ojú rẹ̀ kéré débi pé ìka mi ò lè kọjá, ìyẹn sì ni nǹkan pàtàkì kan ṣoṣo tí a fowó rà nínú gbogbo ilé náà. Wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ehoro má baà rí ibi tí yóò ti fi ehín bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá télọ̀ wá kí ehoro. Ó gbé pátákó irin àtijọ́ tó wà lórí ìsọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ya àlùmọ́gàjí àti abẹ́rẹ́ sí pẹ̀lú àkọlé Lárúbáwá, ó ní bóyá ó lè wúlò. Ìyá mi fi ṣe òrùlé. Ṣùgbọ́n wọn kò kàn án lé pákó tààrà. Wọ́n to igi kéékèèké sáàrin òrùlé pákó àti irin náà, kí àyè wà láàrin méjèèjì.

Oòrùn ti ń mú nígbà náà, irú oòrùn Dubai tó máa ń mú kéèyàn fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ géètì kó sì fà á padà. Ìyá mi yí ojú ilé ehoro kúrò níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé. Wọ́n rẹ àpò ìdọ̀họ sínú omi, wọ́n fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ń fi omi sínú ike, a ń jẹ́ kó di yìnyín, a sì ń gbé e sínú ilé fún un. Ehoro á na gbogbo ara rẹ̀ tì í, á di ojú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó ń bá onílé gba owó ilé wá wo yàrá tó ṣófo. Ó rí ilé ehoro, ó sì dúró.

"Kí lèyí? Wọn kì í kan nǹkan sí àgbàlá. Ẹ gbé e kúrò."

Ẹ̀rù bà mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ní kí n bi í bóyá onílé fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n onílé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, yóò rí i fúnra rẹ̀. "Ó dáa," ni ìyá mi wí. "Kó wá rí i."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, onílé dé. Bàbá arúgbó ni, ọmọ ìlú náà gan-an, ó wọ aṣọ funfun gbọọrọ, ó ń fi ọ̀pá rìn. Mi ò tíì rí i rí. Ó lọ tààrà síbi ilé ehoro, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òrùlé rẹ̀, ó tì í. Kò mì. Ó tún tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Ta ló kan èyí?" ó bèèrè ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo nawọ́ sí ìyá mi, tí wọ́n dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn.

"Kí ló dé tí òrùlé rẹ̀ fi jẹ́ méjì?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ní, "Sọ fún Bàbá pé ti òkè ń gba oòrùn, ti ìsàlẹ̀ ń dáàbò bo ehoro, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín wọn kọjá."

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà sọ fún wa pé imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n bí òun sí, létí òkun, àti pé afẹ́fẹ́ máa ń gba ara ògiri rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ náà. Ìyá òun kì í sun inú ilé lọ́sàn-án láìkọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. "Ìyá rẹ mọ afẹ́fẹ́," ó sọ fún mi. Ó ní ilé ehoro lè dúró, bí a bá sún un kúrò lára ògiri kí àwọn tó máa wá kun ilé lè ráyè kọjá, àti bí kò bá ní máa rùn.

Ìyá mi ní kí n bẹ Bàbá kó fi imú fa afẹ́fẹ́ níbẹ̀, bó bá gbọ́ òórùn kankan, kó sọ ọ́ báyìí. Bàbá náà fa imú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Shukran, Mama," ló wí, ìyẹn ni pé ẹ ṣé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lóòótọ́ kò rùn. Àràárọ̀ ni ìyá mi ń gbá abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kó ìgbẹ́ ehoro sínú garawa ọ̀dà àtijọ́, wọ́n sì ti gbin tẹ̀tẹ̀ sínú rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ náà hù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń sè é jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rí ehoro tó kó koríko gbígbẹ sẹ́nu bí irùngbọ̀n, tó ń sá lọ sá bọ̀. Mo pe ìyá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i tó ń fi ehín fa irun àyà ara rẹ̀.

"Ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì," ni wọ́n wí. "Akọ yẹn ò lọ lásán. Sáré lọ bá ọ̀rẹ́ mi, kó wá àpótí fún wa."

Ọ̀rẹ́ wọn, ọkùnrin ará Pakistan náà, fa dúrọ́ọ̀ kan yọ lára kọ́bọ́ọ̀dù tó ti fọ́. Ó gé iwájú rẹ̀ wálẹ̀, kí ìyá ehoro lè fò wọlé, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ má lè rá jáde. A gbé e sínú ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti bímọ, irun tí ó fi bo àwọn ọmọ rẹ̀ ń mì lọ, ó ń mì bọ̀. Ìyá mi fi ìka kan ṣí i díẹ̀, wọ́n ní kí n wò. Àwọn ọmọ náà pọ́n, wọn ò nírun, ojú wọn dì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìka mi lọ. Ọ̀kan ti kú. Ìyá mi yọ ọ́, wọ́n fi ewé dóńgóyárò wé e, wọ́n sin ín sídìí igi. Wọ́n bo àwọn tó kù padà.

"Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ la máa yọjú wò wọ́n," ni wọ́n sọ fún èmi àti ọkọ mi. "Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, a kì í dààmú ẹ̀. Ẹ fún un lómi, ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín nítòsí."

Wọ́n ń sọ ọ́ nípa ehoro. Mo mọ̀ pé ehoro ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀, ẹkún tó mú ara mi fúyẹ́, nítorí ohun tí wọ́n ti ń ṣe fún mi láti ìgbà tí wọ́n ti dé gan-an nìyẹn.

Nígbà tí físà ìyá mi fẹ́ parí, àwọn ọmọ ehoro ti ń jẹ ewé. Ọkùnrin ará Pakistan náà wá sí ẹnu géètì lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sí àyà, ó tẹrí ba fún ìyá mi. Ìyá mi súre fún un ní Yorùbá, ìwúre gígùn, ó sì ń dáhùn "Àmín" sí gbogbo rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀rọ̀ ehoro ni wọ́n ń bá mi sọ títí a fi dé ibi tí mi ò lè kọjá mọ́.

Àwọn abo méjì nínú àwọn ọmọ ehoro náà, arábìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sharjah ló fẹ́ wọn fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Ilé gogoro kan ní Al Khan ni wọ́n ń gbé, òjìji sì máa ń bo bálíkónì wọn láti ọ̀sán lọ. Mo ní màá fún un, ṣùgbọ́n mi ò ní fún un láìsí ilé. Mo padà sẹ́yìn bàkálà. Mo fi imú gbọ́ òórùn pákó. Mo gbé wọn lọ sí orí tábìlì ọkùnrin ará Pakistan náà, ó bọ́ sí òdìkejì, ó di orí pákó mú fún mi, èmi sì rẹ́ ẹ. Nígbà tí mo parí, ọkọ mi bá mi wá ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, a gbé e lọ sí Sharjah, ọmọ wa lórí itan mi. Àwọn ọmọbìnrin náà ti dúró sílẹ̀ dè wá. Nígbà tí a gbé e dé bálíkónì, tí àwọn ehoro wọ inú rẹ̀, ìyá àwọn ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ pa òrùlé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kan èyí?" ó bèèrè.

"Èmi ni."

Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo yí kámẹ́rà sí ilé ehoro náà. Wọ́n fi fóònù sún mọ́ ojú, mo rí iwájú orí wọn nìkan. Wọ́n ní kí n fi ìsàlẹ̀ hàn àwọn. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n bèèrè bóyá pákó ibẹ̀ fẹ̀ tó kí méjèèjì lè jọ sùn. Mo ní ó fẹ̀ tó. Wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn, kí n pa á dé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ilẹ̀kùn yẹn wọ́ díẹ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ehoro ò ní mọ̀."